Ẹyin Tí Mo Fi Kún Ọ̀rọ̀

Ọlọ́run fún mi ní ẹnu. Kò fún mi ní ọkọ tó tọ́jọ́, kò sì fún mi ní ìdí tó lè jókòó síbì kan, ṣùgbọ́n ó fún mi ní ẹnu. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní àdúgbò Amoutivé, bí wọ́n bá rán mi lọ ra iyọ̀, ìtàn ni mo máa ń rù bọ̀ wálé, ẹni tó rán mi á sì fetí sí mi títí ọbẹ̀ á fi jóná. Mo wá lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo kọ́ bí a ti ń fi Faransé sọ ìtàn kan náà. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun lónìí nìyẹn: mo ń tẹ lẹ́tà fún àwọn èèyàn ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Nyékonakpoè, mo sì ń gbé nínú ilé bàbá mi, nínú yàrá tí wọ́n bí mi sí. Dálémosú ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ilé àtijọ́ ni ilé wa. Àgbàlá kan wà láàárín, yàrá mẹ́sàn-án yí i ká, ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo la sì ń gbà jáde. Bàbá bàbá mi tó ti Nàìjíríà wá tajà ló kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Alhaja, ni olórí ilé báyìí. Aṣọ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tà ní ọjà ńlá kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ojú náà kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bí abọ́ kan bá wà láìfọ̀ ní yàrá kẹsàn-án, Alhaja á mọ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an ni ìyàwó kan nínú ilé wa, aya ọmọ àbúrò bàbá mi. Ọmọ Ifẹ̀ ti ìhà Atakpamé níbí ni, kì í ṣe ti Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ tó wọlé dé ni mo ti fi Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé tiwa ni kò dára, pé gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń polówó ọjà. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ìyàwó kò gbọ́dọ̀ pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, nítorí náà ó sọ mí ní Akọ̀wé. Èmi náà kò pè é ní nǹkan mìíràn ju Ìyàwó lọ.

Alùpùpù ni ọkọ rẹ̀ fi ń gbé èrò. Nígbà tí ẹni tó ni alùpùpù gbà á padà, ó ní òun ń lọ wá iṣẹ́ ní Gabon. Ó pè wá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, bí a bá pè é, obìnrin kan ló máa ń fi Faransé sọ fún wa pé a kò lè rí ẹni tí à ń pè. Ohùn obìnrin náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sọ fún Ìyàwó pé ó ti ní orogún. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin kan ni ọkọ náà fi sílẹ̀ fún un. Ọmọ náà máa ń fajú ro gẹ́gẹ́ bí Alhaja ṣe ń fajú ro, ni mo bá ń pè é ní Alhaja Kékeré, Alhaja àgbà kò sì bínú sí i. Nígbà tó pé oṣù mẹ́rìnlá, ọmú ìyá rẹ̀ ti gbẹ. Ògì ló ń mu láàárọ̀, ògì ló ń mu nírọ̀lẹ́, nígbà mìíràn ògì náà á ṣàn débi pé èèyàn lè rí ìdí abọ́. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ fún àwọn tó kọ́lé tuntun sí Avépozo, ṣùgbọ́n aṣọ olówó kì í dọ̀tí lójoojúmọ́. Ilé wa kì í sì í ṣe ilé tí ẹnì kan ti ní àníṣẹ́kù. Ẹni tó bá ní ẹja á gé orí rẹ̀ fún un, ẹni tí kò bá ní á bá ọmọ náà ṣeré.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń wọn ọmọ ní ilé ìwòsàn àdúgbò, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo bá wọn lọ. Nọ́ọ̀sì mú ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àwọ̀ mẹ́ta, ó fi yí apá òsì ọmọ náà ká, ó fà á díẹ̀, ó sì wo ojú ihò kékeré tó wà lára rẹ̀. Bí àwọ̀ ewé bá hàn níbẹ̀, ara ọmọ le. Bí pupa bá hàn, àìjẹunkánú ti wọ ọmọ náà lára. Àwọ̀ ìyeyè wà láàárín méjèèjì, òun ló hàn lára Alhaja Kékeré.

Mo ní ọmọ wa kò fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, olóṣèlú ni yóò dà. Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún wa pé àwọn ọmọ tó bá bọ́ sí pupa, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fún wọn ní ẹ̀pà lílọ̀ inú ọ̀rá tó ń dá ara padà, wọn kì í bi ìyá wọn ní ìbéèrè kankan. Ti àwọ̀ ìyeyè, ìmọ̀ràn ni wọ́n ń fún wọn: ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, èso. Ìyàwó gbọ́ ìmọ̀ràn náà dópin, ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn ìlú òkèèrè sí létí.

Ó ku ohun kan, ni nọ́ọ̀sì náà wí. Ètò kan wà fún àwọn ìyá tí kò ní, tí ọmọ wọn kò tíì pé ọdún méjì. Lóṣooṣù ni wọ́n ń fún wọn ní ìyẹ̀fun tí wọ́n fi àgbàdo, sọ́yà àti ẹ̀pà lọ̀, pẹ̀lú òróró àti ẹ̀wà. Òun lè kọ orúkọ Ìyàwó sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan yóò wá wo ilé, ohun tí onítọ̀hún bá sì rí ni wọ́n máa fi pinnu bóyá ó tọ́ sí i. Ó fi Mina, èdè ìlú wa, sọ ọ́ fún wa, ó tún fi Faransé tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí nítorí ó rí i pé èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ jù: “Ẹ jẹ́ kó bá yín bí ẹ ṣe wà.”

Mo tú u sí Yorùbá fún Ìyàwó lójú ọ̀nà, mo sì tú u dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Ohun tí nọ́ọ̀sì kò mọ̀ ni pé Alhaja wà nílé.

Nígbà tí mo sọ fún Alhaja pé àwọn kan ń bọ̀ wá wo yàrá Ìyàwó, tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé ọjọ́ wo. Mo ní ọjọ́bọ̀. Ó bi mí pé ṣé àwọn ìjọba ni. Mo ní ó fara jọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n pe gbogbo ilé.

Kí ẹ tó dá wa lẹ́bi, ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, ọkùnrin kan wá wo ilé wa kí wọ́n tó fún mi ní ìwé ọ̀fẹ́. Alhaja fọ àgbàlá, ó tẹ́ ẹní tuntun, ó wọ aṣọ Iléyá fún mi láàárín ọ̀sẹ̀, ọkùnrin náà sì sọ pé ọmọ ilé tó níláárí ni mí. Mo gba ìwé náà. Láti ìgbà yẹn ni gbogbo ilé wa ti mọ̀ dájú pé ẹni tí ilé rẹ̀ bá mọ́ ni ìjọba ń fún ní nǹkan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àlejò kò gbọ́dọ̀ bá wa ní ìhòòhò. Bí Alhaja ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bí ebi bá ń pa wá, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó fi ṣíbí kan abọ́ òfìfo kí ará ìta lè gbọ́ ìró rẹ̀.

Mo gbìyànjú díẹ̀, ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú. Mo ní, “Alhaja, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n bá wa bí a ṣe wà.”

Alhaja ní, “Bí a ṣe wà dà? Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ wá rí i pé ẹní kan ṣoṣo ni aya ọmọ àbúrò mi ń sùn lé? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ìwọ ọmọ yìí.”

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ṣì ń pè mí ní ọmọ yìí. Ẹ wo ibi tí èèyàn ti lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn. Àti pé, kí n sọ òótọ́, inú mi dùn sí i. Mo fẹ́ràn kí ilé wa dára lójú àlejò. Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ náà, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo gbé fáànù mi tó ń dá dúró lọ sí yàrá Ìyàwó, mo ní kí àlejò má baà làágùn.

Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án láti wá ṣe ògbufọ̀, n kò mọ yàrá náà mọ́. Wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yàrá kejì sílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n télọ̀ iwájú ilé wà lórí àpótí, àga mẹ́rin tí a fi ń gbàlejò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n wọ aṣọ Iléyá fún Alhaja Kékeré, apá aṣọ náà wú bí bọ́ọ̀lù, kò sí bí ojú ṣe lè rí ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ìyàwó jókòó sáàárín gbogbo rẹ̀, kò fẹ́ fara kan nǹkan kan, bí ẹni tó wá kí wọn nínú yàrá ara rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n rán, ọmọlúàbí ni. Ó kí wa ní bọ̀ńjúù, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Alhaja. Mo rí i tó bọ́ bàtà kó tó tẹ kápẹ́ẹ̀tì náà. Mo rí i, orí mi sì wú. Ó ń bi wá ní ìbéèrè, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ sójú fóònù fífẹ̀ kan: èèyàn mélòó ló ń sùn níbí, ibo ni ẹ ti ń pọn omi, ta ni ó ń mówó wálé. Ìyàwó ń dáhùn ní ìwọ̀nba, mo ń tú u. Alhaja jókòó sí ẹnu-ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Ó wá béèrè ohun tí ọmọ jẹ lánàá.

Ìyàwó wò mí. Ó ní, “Ògì.”

Alhaja wúkọ́.

Ìyàwó wo ilẹ̀. Ó ní, “Àti ẹja.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò gbé ojú kúrò lára fóònù, ó ní kí tún ni. Ìyàwó dákẹ́. Fáànù mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo wá la ẹnu, ní Faransé tó dán, mo ní, “Àti ẹyin kan.”

Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo ti ro ó títí di òní, n kò rí ẹni tí mo lè dì í rù. Alhaja kò gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀, Ìyàwó kò sọ ọ́. Ìdí kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ògì àti ẹja nìkan kò dùn parí létí mi. Ó dà bí ìtàn tí wọ́n gé ìrù rẹ̀. Mo fi ẹyin kún un, ó sì dùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ sójú fóònù, Alhaja fún un ní ohun mímu tútù, ó dúpẹ́, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, oníkálukú ti wá kó ohun rẹ̀. Èmi ni mo dé kẹ́yìn nítorí fáànù. Ẹní kan, ìkòkò méjì àti àpò aṣọ tó kọ́ sórí ìṣó ló kù nínú yàrá náà. Ìyàwó ti bọ́ aṣọ Iléyá lára ọmọ.

Ó ní, “Akọ̀wé mi, ẹyin wo lẹ sọ yẹn?” Ó ti gbọ́. Ó kàwé díẹ̀ ní Atakpamé, mo máa ń gbàgbé.

Mo ní ẹyin tí adìẹ wa máa yé ni, bí ìyẹ̀fun bá ti dé. A kò ní adìẹ. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó lẹ ìwé orúkọ mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí ẹni pé orúkọ lè máa gba ẹ̀yìn wọlé. Orúkọ Ìyàwó kò sí níbẹ̀. Orúkọ obìnrin kan tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lọ sọ́dọ̀ tirẹ̀, orí ilẹ̀ lásán ló ti bá a. Obìnrin yẹn kò ní Alhaja.

Mo gbé ìròyìn náà délé. Mo fẹ́ ṣe é lẹ́wà, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó, ṣùgbọ́n mo wo ojú Ìyàwó, mo sọ ọ́ lásán. Ó ní kò burú. Ó wọ yàrá lọ. Alhaja pè mí, ó ní kí n sọ fún òun kedere ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti kápẹ́ẹ̀tì, mo sọ ti tẹlifíṣọ̀n, mo sọ ti ẹyin mi pẹ̀lú. Ó wá ní kí n bá òun mú ìbòrí òun funfun wá lọ́la, òun máa bá mi lọ.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣètò orúkọ kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ mi. Ọkùnrin àgbà kan tó fi awò sójú ló gbà wá. Ó fún Alhaja ní àga, ó sì pè é ní màmá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, Alhaja gbá mi lọ́wọ́ pé kí n dákẹ́. Ó ní kí n kàn máa tú u.

Ó ní, “Sọ fún un pé ebi ń pa ọmọ náà. Sọ fún un pé kò sí nǹkan nínú yàrá yẹn, a yá gbogbo rẹ̀ ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n yá a. Ebi ń pa wá nílé.”

N kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú kò sọ ọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ lé e kúrò lọ́jà kò sọ ọ́. Àwọn èèyàn mìíràn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gbọ́ ọ, nítorí ohùn rẹ̀ kò mọ bí a ti ń sọ irú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo tú u. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí mo máa gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láti ibì kan dé ibì kejì láìfi nǹkan kan kún un.

Ọkùnrin náà yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ka ohun tó wà níbẹ̀ fún wa: ilẹ̀ tí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, tẹlifíṣọ̀n kan, fáànù kan, àga mẹ́rin. Ọmọ jẹ ògì, ẹja, ẹyin. Ó dé orí ẹyin, ó dúró.

Ó bi mí pé, “Madáàmù, ìgbà wo lẹ parọ́ fún wa, ọjọ́ yẹn ni àbí lónìí?”

Kò fi ìbínú béèrè. Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tó yẹ kó kọ ọ́ sí. Mo ní ọjọ́ yẹn ni. Ó mi orí. Ó ní lójoojúmọ́ ni àwọn tí orúkọ wọn kò jáde ń wá sọ pé àwọn yá nǹkan ni, òótọ́ ni fún àwọn kan, òun kò sì ní bí òun ṣe máa mọ̀. Ìwé ti lọ, kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Wọn yóò tún kọ orúkọ mìíràn, òun kò mọ ìgbà tó máa jẹ́. Mo bi í pé bí ọmọ bá ti kọjá ọdún méjì nígbà náà ńkọ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó wá sọ ohun tó rò pé yóò tù wá nínú: bí ọmọ náà bá bọ́ sí pupa, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán, wọn kò ní bi wá léèrè tẹlifíṣọ̀n.

Alhaja ní kí n tú èyí tó sọ gbẹ̀yìn yẹn. Mo tú u. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ náà, ó máa ń ní òun ti yó kí oúnjẹ òun tó dé ìdajì, á sì ní kí wọ́n gbé ìyókù fún ọmọ. Bí wọ́n bá fi ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta yẹn wọn apá òun náà, n kò mọ àwọ̀ tí yóò hàn. Mo sọ ọ́ fún un láti fi dápàárá. Ó ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́.

Nígbà tí a tún lọ wọn ọmọ, àwọ̀ ìyeyè ni. Àwọn obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì ní kí a dúpẹ́. Bí nọ́ọ̀sì ṣe yíjú sí ọmọ mìíràn, Ìyàwó yọ òwú dúdú kan nínú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀já náà, ó sì ta kókó sí ibi tí ìyeyè ti parí, tí pupa ti bẹ̀rẹ̀.

Láràárọ̀ báyìí, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń pè mí wá bá òun di orí òwú náà mú. Á yí i ká apá ọmọ, á fà á, a ó jọ wo àyè tó ṣẹ́ kù kí orí òwú tó kan kókó. Ní àwọn ọjọ́ tí ẹja bá wà, àyè náà á fẹ̀ díẹ̀. Bí ibà bá mú ọmọ, á dín. Lánàá, kò ju ìbú èékánná lọ. Ìyàwó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò rẹ̀, ó gbé ojú sókè wò mí.

Ó ní, “Akọ̀wé mi, èwo ni kí n máa tọrọ, kí àyè yìí fẹ̀ ni, àbí kó bọ́ sí pupa?”

Mo di òwú náà mú. Ẹnu tí Ọlọ́run fún mi wà níbẹ̀, mo là á, n kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Alhaja Kékeré wo èmi, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì fajú ro sí àwa méjèèjì.